Bàbá Téèpù, Ẹni Tí Ó Ń Wọn Apá Kí Ó Tó Gé Aṣọ

Ọdún 1949 ni wọ́n bí Bàbá wa, nínú ilé kékeré kan tó kọjú sí ojú irin. Bíríkìlà ni bàbá tó bí wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. "Ẹ̀jẹ̀ tiwa gbóná," ni ìdílé wọn fi ń yangàn bí ẹnìkan bá gbaná jẹ. Nígbà tí bíríkìlà náà ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ tí kò dìde mọ́, ìbínú ni wọ́n ní ó pa á.

Bàbá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn, ibẹ̀ ni orúkọ ti jáde. Ní 1974, omidan arẹwà kan tó ń ta búrẹ́dì gbé aṣọ wá. Bàbá wọn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n tún un wọ̀n.

"Bọ̀dá aránṣọ, ṣé ọwọ́ mi ń gùn sí i ni?"

Ẹ̀rín tí omidan náà rín lọ́jọ́ yẹn, Bàbá rán an mọ́ àyà títí ayé wọn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1976.

Ní 1998, àtọ̀gbẹ dé bá Bàbá. Dókítà béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé.

"Rárá o," ni Bàbá fọwọ́ sọ̀yà, "ìbínú ni tiwa."

"Dókítà, ẹ má dá wọn lóhùn," ni Ìyá wa wí. "Bàbá ọkọ mi ṣubú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ṣubú. Ṣé ìbínú ló ń gbé àgbà ṣánlẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì?"

Dókítà rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ wá le. Ó ní ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà nídìílé rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sì ní kọ́kọ́ dùn ún. Ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó ní kí Bàbá na apá. Ẹni tó ń wọn gbogbo ayé wá ń fa ọwọ́ sẹ́yìn!

"Ọkọ mi, ẹ ti wọn tèmi rí. Ó kàn yín," ni Ìyá wa wí.

Bàbá na apá. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àyẹ̀wò ìtọ̀ wọn sì fi hàn pé ó ti ń rẹ kíndìnrín. Wọ́n gba oògùn, wọ́n dín iyọ̀ kù, kíndìnrín náà sì sìn wọ́n dé ọjọ́ ogbó.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ. Ọmọ ìdílé tí kò bá na apá, Bàbá kò ní gé aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ẹgbẹ́ akọrin nílé ìjọsìn. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn la ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ àbúrò wọn, káfíńtà, ń ru, òun tó rò pé orí lásán ló ń fọ́ òun. Ó wà láàyè, òun ló kan pósí tí ẹ ń wò yìí.

Bàbá fi ìyàwó, àbúrò, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Abígbẹ̀yìn nìkan ló takú. "Bàbá, ara mi le koko," ni tirẹ̀. Aṣọ rẹ̀ wà lórí tábìlì láìgé títí Bàbá fi sùn lọ jẹ́jẹ́ ní 2025. Ní òwúrọ̀ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó na apá fún ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ó ti ń lo oògùn báyìí. Ìyá wa fi sísọ́ọ̀sì Bàbá gé aṣọ náà, òun ni abígbẹ̀yìn náà wọ̀ dúró níwájú yín lónìí.

Ẹ sùn re, Bàbá Téèpù. Apá gbogbo wa ti wọ ẹ̀rọ.