Ọjọ́ Tí Mo Ní N Kò Mọ̀ Yín

Inú ọkọ̀ ojú omi, ìsàlẹ̀ pátápátá,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn iṣẹ́ òwúrọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Jẹ́jẹ́,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Mo lérò pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín nígbà tí a jọ ń lọ aṣọ ti ń fún yín nísinmi, pé oúnjẹ ń wọlé, oorun sì ń dùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n mú gègé. Ẹ mọ̀ pé èmi Gbajúmọ̀ kì í kọ lẹ́tà. Ẹni tó ń lọ ẹgbẹ̀rún aṣọ tábìlì lọ́sẹ̀, ọwọ́ wo ló kù tó máa fi kọ̀wé? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ kọ́kọ́ jókòó.

Ilé ìfọṣọ wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé sídìí áyọ́ọ̀nù yín ti jó kọ́là mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá wa Kò-Sáyè ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òfin rẹ̀ kò sì yí padà: nínú àwa mẹ́rin tí a ń lọ aṣọ, ẹnì kan ṣoṣo ló lè jáde lẹ́ẹ̀kan tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àfi kí ẹni yẹn padà wọlé.

Òfin yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ẹ rántí ìlú etíkun tí a gúnlẹ̀ sí ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ìlú àwọn olówó yẹn. Tiyín ni àárọ̀ ọjọ́ náà, tèmi ni ọ̀sán. Ẹ bẹ̀ mí pé kí a pààrọ̀, torí ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kò fojú kàn fún ọdún méje, máa dúró dè yín lẹ́nu géètì èbúté láti aago méjì sí aago mẹ́ta ààbọ̀, bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi pé tipátipá ló fi gbà, nítorí inú ti ń bí i tipẹ́ pé ẹ fi òun àti ìyá òun sílẹ̀ lọ sójú omi, àti pé bí ẹ bá pàdánù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ kò mọ̀ bóyá ó tún máa gbà láéláé. Mo ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé aago kan ààbọ̀ kò ní bá mi níta. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ tiẹ̀ bá mi nu bàtà.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀wù mi ni mo wọ̀ jáde. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó aṣọ tí àwọn èrò gbàgbé sí, mo ti ń ṣọ́ ẹ̀wù kan tipẹ́, funfun, aṣọ rẹ̀ tutù lọ́wọ́ bí omi. Mo lọ̀ ọ́ kanlẹ̀, mo wọ̀ ọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, mo sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí mo kọjá géètì. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàwọ̀, bí kò fún ni lápá, á fún ni lọ́rùn. Èyí kò fún mi níbì kankan, ibẹ̀ gan-an ni ìjàǹbá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ìlú náà rẹwà. Àwọn ilé kó ara wọn jọ sórí òkè bí ẹni pé gbogbo wọn fẹ́ rí òkun, wọ́n kun òmíràn ní pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n kun òmíràn ní àwọ̀ ẹyin. Àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí olówó fi ń ṣeré tò sétí omi, bẹ́ẹ̀ èyí tó kéré jù nínú wọn tóbi ju ilé tí wọ́n bí mi sí. Mo rí ṣọ́ọ̀bù tí báàgì kan ṣoṣo wà lójú fèrèsé rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn, bí ẹni pé ọjà ti tán. Mo rí ajá tó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń rìn lọ, títí mo fi dé iwájú òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ṣílẹ̀kùn fún mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Kò sẹ́ni tó pè mí ní sà rí láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ aṣọ. Mo wọlé. Wọ́n mú mi dé ẹ̀yìn ilé, létí òkun, wọ́n fi mí jókòó sórí àga gígùn lábẹ́ agboòrùn. Wọ́n gbé omi tútù wá, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ gígé lẹ́nu ife. Wọ́n gbé táwẹ́ẹ̀lì wá, mo wò ó, mo rí i pé etí rẹ̀ kò gún. Inú mi dùn pé àwa ń ṣe é dáadáa jù wọ́n lọ. Agbáwo bi mí bóyá wọ́n tún máa rí mi lọ́la. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé bọ́ọ̀sì ló dẹnu kọlẹ̀ lórí òkè. Irọ́ ni. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan. Aago ńlá kan wà lára ògiri níwájú mi, mo sì ń wò ó. Mo rí i nígbà tó lu kan. Mo rí i ní kan ààbọ̀. Ní aago méjì mo sọ fún ara mi pé ẹ̀yin èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ máa fara dà á, kí n ṣáà tún jókòó díẹ̀. N kò gbàgbé yín. Ìyẹn ló burú jù. Mo rántí yín, mo sì jókòó.

Aago mẹ́ta kọjá kí n tó sáré dé géètì. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì mi padà, mo fi káàdì iṣẹ́ kọ́ ọrùn. Mo rí ọmọ yín lórí bẹ́ńṣì, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ nítorí fọ́tò rẹ̀ tó wà lókè ibùsùn yín. Ó ka káàdì mi, ó pè mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ bàbá kan tó ń lọ aṣọ nínú ọkọ̀ yìí?" Ó dárúkọ yín. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè tó kàn ni kí ló dé tí ẹ kò jáde, èmi gan-an sì ni ìdáhùn. Ojú tì mí. Mo ní, "Rárá, n kò mọ̀ wọ́n." Mo rò pé kí n ṣáà sáré wọlé, kí ẹ jáde wá bá a, irọ́ kékeré yẹn á sì pòórá.

Mo bá yín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ẹ̀wù tí ẹ lọ̀ láti ìdájí. Ẹ kò bú mi. Ẹ ní, "Ó dáa pé o dé. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́?" Ẹ sáré jáde. Nígbà tí ẹ padà, ẹ ní bẹ́ńṣì ṣófo, ẹ ní bóyá kò tiẹ̀ wá rárá. Mo gbọ́, mo mọ̀ pé ó wá, mo sì ń lọ aṣọ tábìlì mi lọ. Mo wò yín bí ẹ ṣe ń pe fóònù rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò gbé e, títí ẹ fi fẹ̀yìn tì tí ẹ lọ ilé.

Irọ́ ì báà sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ọkọ̀ wa tún gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú, lẹ́yìn èbúté, níbi tí ẹ ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti mọ̀ mí kí n tó lanu. Ó parí ti ìyá arúgbó kan tó ń wọn awò lọ́wọ́, ó sì yíjú sí mi. Mo rojọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, láìfi ẹ̀wù àti aago pamọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ wọ́n. Ilé ìfọṣọ ni wọ́n kọ sára káàdì yín. Mo rò pé àwọn ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó gbà gbọ́ fún oṣù mẹ́rìnlá nìyẹn, pé bàbá òun wà nínú ọkọ̀, ó rí òun, ó sì rán mi kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbé fóònù. Mo ní kí n pè yín lójú ẹsẹ̀, ó kọ̀. Ó ní ẹnu ni mo fi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ìwé ni kí n fi tún un ṣe, kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ lè kà á, kí ẹ sì tún un kà. Mo ti kọ ọ́.

Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí lẹ́tà bá dé ọwọ́ yín, kí ẹ pè, òun máa gbé e. Ẹ má fèsì fún mi ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ fèsì fún mi mọ́, mo mọ ohun tí mo ṣe.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle tí ẹ máa fi gbádùn ọ̀rọ̀ tó kù láàárín ẹ̀yin àti ọmọ yín. Kí ohun tí mo fi ọwọ́ mi dí lọ́nà má ṣe kọjá yín. Kí ẹsẹ̀ yín má ṣe sáré lásán mọ́ láyé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ nu bàtà fún,
Gbajúmọ̀.

Àfikún: Ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ èyí sókè, ṣùgbọ́n ọmọ yín ní dandan ni kí n kọ ọ́. Kò dá nìkan jókòó sórí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọwọ́ kan wà nítan rẹ̀, ọkùnrin, ọmọ oṣù mẹ́ta. Ó fẹ́ kí ẹ ṣàdédé rí i ni, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún yín ṣáájú. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rìn wá bá mi, ó di ìka mi mú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí ọmọ-ọmọ yín, ẹ̀yin kò sì tíì rí i rí.