Ojú Ewé Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ajé, 2 Okúdù 2025

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Testimony bá mi fi búráúsà sínú fíláàṣì. (Ó-ń-lọ́ọ̀dù ni mo máa ń pè é nínú ọkàn mi, torí ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì.) Odindi búráúsà tí à ń fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì o. Kò sí pé à ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà kankan. Ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Gbogbo ojú ewé tí mo fi pamọ́ wà níbẹ̀. Yọ ọ́ — kò sí nǹkan tèmi tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

Èmi tí mi ò ní kọ̀ǹpútà. Báọ́lọ́jì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, kọ̀ǹpútà ilé ìwé ni mo fi ń wá a láàárọ̀, ti Ó-ń-lọ́ọ̀dù lọ́sàn-án, ti Àǹtí Rhoda, àbúrò Màámi, nírọ̀lẹ́. Níbi gbogbo, bí àlejò. Mo ti sọ fíláàṣì náà lórúkọ: Ilé-Àpò.

Ìṣẹ́gun, 3 Okúdù

Ó ṣiṣẹ́ nílé ìwé. Kọ̀ǹpútà tí wọn kì í jẹ́ ká fi nǹkan kan sí. Ó ṣí wẹ́rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Okúdù

Ó-ń-lọ́ọ̀dù ní bí Ilé-Àpò bá já sómi, ó parí nìyẹn. Ó ní kí n ṣí àkáǹtì, kí búráúsà máa fi ẹ̀dà gbogbo nǹkan pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà yòówù tí mo bá ti wọlé sí àkáǹtì yẹn, ohun kan náà ni màá bá níbẹ̀. Síńkì ló pè é.

Mo rántí pé mo ní ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá Ernest, ẹ̀gbọ́n mi, ló ṣí i fún àwa méjèèjì nígbà tá a jọ ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ Bàámi. Mo gbìyànjú páásíwọ́ọ̀dù náà. Ó gbà. Géèmù tá a máa ń jà lé lórí, ibi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù — gbogbo wọn ya wọlé. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo rántí ọjọ́ tó kúrò nílé.

Bàámi bá Bọ̀ọ̀dá wáṣẹ́ ìjọba sí Lọ́kọ́ja. Bọ̀ọ̀dá ní òun ò ṣe, kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ máa tún ṣe. Bàámi sọ ọ́ lójú àlejò pé òun ò lọ́mọkùnrin mọ́. Bọ̀ọ̀dá jáde, ó pa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tì. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Ẹtì, 6 Okúdù

Nílé Àǹtí Rhoda, mo sọ búráúsà di aláwọ̀ ewé. Mo dé ṣọ́ọ̀bù Ó-ń-lọ́ọ̀dù, mo wọlé sí àkáǹtì náà láì tiẹ̀ yọ Ilé-Àpò nínú báàgì — àwọ̀ ewé. Mo pàtẹ́wọ́. Àwọn oníbàárà ń wò mí.

Àìkú, 8 Okúdù

A ti Máàsì dé, mo ya ilé Àǹtí Rhoda. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí mi ò fi pamọ́: ohun tí aboyún máa dì dání lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe tèmi. Mi ò tíì lọ́kọ, ká má tíì wá sọ oyún.

Mo pe Ó-ń-lọ́ọ̀dù. Ó ní ẹlòmíì mọ páásíwọ́ọ̀dù mi, kí n yí i padà kíákíá, onítọ̀hún á bọ́ síta. Mo ti gbé ọwọ́ lé e. Ìgbà náà ni mo rí ìkejì nísàlẹ̀: àwọn orúkọ tí àwa ará Owé máa ń sọ ọmọbìnrin.

Olè wo ló ń wá orúkọ Owé?

Mi ò yí i padà. Mo fi ojú ewé kan ṣá pamọ́, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ tèmi dípò: *Bọ̀ọ̀dá Ernest, ṣé ẹ̀yin ni? Moyin ni o.*

Ọjọ́rú, 11 Okúdù

Ojú ewé méjèèjì ti pòórá. Tèmi nìkan ló kù. Mo ti lé e sá.

Ẹtì, 13 Okúdù

Ó dáhùn. Ó DÁHÙN. Nísàlẹ̀ tèmi, pẹ̀lú ìkíni ilé wa: *Okun o, Moyin. Èmi ni. Ẹ̀rù ló bà mí.*

Mo sáré yí pápá ilé ìwé po. Àwọn ọmọ rò pé owó oṣù ti wọlé.

Títí ilẹ̀ fi ṣú là ń kọ ọ́ síra wa, orúkọ ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó wà ní Lọ́kọ́ja — Lọ́kọ́ja tí kò jìnnà yìí. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ti gbé Ṣọlápé níyàwó, ará Mopa, ìyàwó náà sì máa bímọ lóṣù yìí. Ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí kọ̀ǹpútà òun, òun mọ̀ pé èmi ni. Ó rò pé òun nìkan ló ń rí tèmi, kò mọ̀ pé èmi náà ń rí tòun. Ó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀, àmọ́ ó ní kí n má tíì pè, bóun bá gbọ́ ohùn mi, ẹkún ni. Ó ní kí n má sọ fún Bàámi.

Ìṣẹ́gun, 17 Okúdù

Mo sọ fún Màámi. Kò ṣeé pa mọ́ra. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ajé, 23 Okúdù

*Ó ti bí. Obìnrin ni. Ó jọ ẹ́.*

Màámi jó pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Bàámi bi í pé kí ló dé, ó sì sọ ọ́ fún un, látòkèdélẹ̀. Bàámi mú àdá, ó lọ sóko.

Àbámẹ́ta, 28 Okúdù

Ọ̀túnla ni wọ́n máa sọ ọmọ lórúkọ. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà Àǹtí Rhoda nígbà tí Bàámi wọlé, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì. Ó ní kí n fi ibi tí à ń kọ ọ̀rọ̀ sí han òun.

Mo mú fóònù jáde, mo ní mo ní nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá, ká kúkú pè é. Ó mi orí.

"Ẹnu mi ló ba nǹkan jẹ́," ó ní. "Jẹ́ kí n kọ ọ́."

Mo dìde fún un. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kiri. Mo fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́n ọwọ́ mi dànù. Àǹtí Rhoda rọra bọ́ sí yàrá. Nígbà tó ṣe tán, mo kà á: *Oreoluwa. Baba re lo so o loruko.* Ó sì fi kún un: *Ma binu.*

"Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?"

Mo ní ó ti dé. Kò dìde. Èmi náà ò lè kúrò. A jọ ń wo ojú kọ̀ǹpútà títí ìlà tuntun fi yọ nísàlẹ̀ tirẹ̀:

*Bàámi, ẹ wá pè é lórúkọ náà fúnra yín.*

Bàámi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá bi mí pé aago mélòó ni ọkọ̀ Lọ́kọ́ja àkọ́kọ́ ń kúrò ní gáréèjì.