Ẹsẹ̀ Tó Ń Bọ̀ Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkun, ẹ kú ẹ̀fin ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Adó-Èkìtì níbí. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ orí ìwé lásán o. Kí n tó mú bírò ni mo ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, mo sì dìde láìdi àga mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ìbímọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Mo kí Bàbá. Mo kí àwọn ìyá ìjọ wa, aláṣọ funfun. Tọ́pẹ́ àbúrò mi ló máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Tọ́pẹ́, jọ̀wọ́, kà á bó ṣe wà, má fi tìẹ kún un. Mo gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe èmi nìkan ni abiyamọ tí ara kọ̀ fún, tí ojú sì ń tì láti sọ ọ́.

Ẹ máa ń béèrè bí Adó ṣe rí. Ó gbẹ, ìyá mi. Ọyẹ́ ti dé, ètè wa ti sán, eruku sì ń bà lé gbogbo aṣọ tí mo bá rán. Òkúta ló yí ìlú yìí ká, ilẹ̀ rẹ̀ kì í mì rárá. Fún ẹni tí wọ́n bí sínú ilé pákó tó dúró lórí omi, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó dá wà. Nílé wa, ẹsẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀. Kí Bàbá tó dé ẹnu ọ̀nà, pákó ti sọ fún àtẹ́lẹsẹ̀ wa pé òun ni. Ẹ sì kọ́ wa pé ọmọ tó bá ti mọ ẹsẹ̀ àgbà gbọ́dọ̀ kí i kó tó rí i, pé ẹni tó dúró di ìgbà tó fojú rí àgbà kò kíni mọ́, ìran ló ń wò. Níbí, n kì í mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀, onílé wa ní Òkè-Ìlá, máa ń yọ sí mi lójijì bí iwin, á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pe ilé ní “ulé” níbí, wọ́n ń pe iyán ní “uyán”. Kò jìnnà sí tiwa, ó sì máa ń tàn mí nígbà mìíràn bí ẹni pé mo wà lọ́dọ̀ yín.

Bàbá Ìfẹ́ ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìyìn-Èkìtì láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ilé á wá dá. Ẹ mọ̀ pé maṣíìnì ìránṣọ mi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á. Lẹ́yìn tí wọ́n fi abẹ gba ọmọ lára mi, egbò jinná, ṣùgbọ́n ara kò padà. Ẹsẹ̀ mi dà bí ẹ̀kọ tí kò dì. Bí mo bá sín, ìtọ̀ á já sí mi lára. Mo ń sọ ọ́ fáyé gbọ́ báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rín in tán. Aṣọ àwọn oníbàárà kún ilẹ̀, mi ò lè wa maṣíìnì débi tí ojú rírán kan fi máa gùn.

Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Mi ò lè pọn ọmọ mi. Ọjọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, orúnkún mi sì yẹ̀. Ìyá Bọ́sẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi ló hán ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìfẹ́ ń sùn sí. Obìnrin náà ṣe mí lóore, ẹnu mi ò gbà á láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní búburú. Síbẹ̀, tí wọ́n bá gbé ọmọ fún mi láti fún un lọ́mú, á mu, á wá máa na ọwọ́ padà sí ẹni tó pọn ọ́n wá. Ọmọ tí mo bí ń wò mí bí àlejò, ìyá mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí: kí n lè pọn ọmọ mi kó tó gbàgbé ẹ̀yìn ta ni tirẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní uyán ni oògùn ara abiyamọ, ó gún un fún mi títí ikùn mi fi fẹ́ bẹ́. Nígbà tí ara mi kò gbọ́, òun náà ló mú mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ní yàrá eré ìdárayá ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Adébáyọ̀. Nọ́ọ̀sì náà kò fọwọ́ kàn mí títí dókítà fi ní ojú abẹ mi ti san dáadáa. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa fún iṣan abẹ́ mi pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi ẹ̀rọ kan hàn mí, pẹpẹ irin pẹlẹbẹ kan tó ní ọwọ́ tí èèyàn máa dì mú. Ó ní kí n dúró lé e, kí n tẹ orúnkún díẹ̀. Tó bá ti tan iná sí i, pẹpẹ náà á máa gbọn èèyàn láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé eyín. Ó ní gbígbọ̀n yẹn ló ń jí iṣan tó ti sùn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gùn ún, ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. Ilẹ̀ ilé wa ni! Bó ṣe máa ń mì nígbà tí gbogbo wa bá ń rìn káàkiri nínú ilé láàárọ̀ gan-an ni. Mo di ojú kí n lè gbádùn rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nǹkan mìíràn lábẹ́ gbígbọ̀n náà. Ẹsẹ̀ ni. Ọ̀kan tẹ̀ ṣinṣin, èkejì wọ́ tẹ̀ lé e, ó sì dúró díẹ̀ kó tó tún gbéra. Ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bíi láti ìparí ilé tó gùn gan-an.

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣì í mọ̀. Ìyá Àgbà ni, ìyá yín, tó kú nígbà tí oyún Ìfẹ́ wà nínú mi, tí ẹ ò jẹ́ kí n wá síbi ìsìnkú rẹ̀ torí aláboyún kì í wo òkú. Ilé ńlá tó ń gbé, òkun ti gbé e lọ pẹ̀lú gbogbo òpó rẹ̀. Pákó tí ẹsẹ̀ yẹn ń tẹ̀ kò sí láyé mọ́. Mo la ojú, mo yí padà. Ògiri funfun ni mo rí, àti ojú fèrèsé tí eruku bò.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tún lọ, torí nígbà tí mo dé ilé lọ́jọ́ náà, mo gun àtẹ̀gùn láìsinmi. Ẹsẹ̀ náà tún wá, ó ti sún mọ́ tòsí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni okun ń kún ẹsẹ̀ mi, gbogbo ìgbà náà sì ni ó ń sún mọ́ ẹ̀yìn mi. Mo ti mọ ibi tó dé nínú ilé tí kò sí mọ́ yẹn: ó kọjá yàrá àwọn ọkùnrin, ó kọjá ibi ààrò, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì dá ẹ̀rọ dúró, ó ní ta ni mo mú wá, pé òun gbọ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó lọ wò ó, kò bá ẹnì kankan.

Nígbà tí mo wá sọ fún Bàbá Ìfẹ́, ó ní mi ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́. Ó ní òkú kì í rin ìrìn àjò tó jìn tó bẹ́ẹ̀ láìsí ohun tó fẹ́ mú lọ. Kò dárúkọ ohun náà, ṣùgbọ́n ojú àwa méjèèjì lọ síbi tí Ìfẹ́ sùn sí. Ẹ̀rù bà mí, ìyá mi. Tí mi ò bá lọ mọ́, ẹ̀yìn ẹlòmíràn lọmọ mi máa dàgbà sí. Tí mo bá lọ, mi ò mọ ẹni tó fẹ́ dé bá mi. Ìgbà náà ni mo pè yín lórí fóònù.

Mo rò pé ẹ máa pariwo Jésù, pé ẹ máa ní kí n sáré lọ bá wòlíì. Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ omi tó ń lu òpó ilé lẹ́yìn ohùn yín. Ńṣe lẹ bi mí pé ṣé mo ti kí i.

Ẹ wá sọ ohun tí ẹ ò sọ fún mi rí. Ẹ ní nígbà tí Ìyá Àgbà bí yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ̀. Wọ́n gbé e dúró sáàárín ilé, wọ́n so okùn mọ́ àjà fún un láti dì mú, àwọn obìnrin ilé sì yí i ká, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá pákó, kí gbígbọ̀n rẹ̀ lè wọ eegun rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ obìnrin kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń bọ̀, abiyamọ gbọ́dọ̀ kí i lórúkọ. Obìnrin tí wọn ò bá kí kò ní gbá pákó. Ńṣe ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní ẹsẹ̀ kan jí pátápátá, èkejì jí ní ààbọ̀, òun ló ń wọ́ títí ó fi kú. Ẹ ní kò sí abiyamọ kan nínú ilé wa lẹ́yìn náà tí Ìyá Àgbà kò gbá pákó fún. Ẹ wá bá mi wí bí ẹni bá ọmọdé wí, pé àgbà ń bọ̀ láti ìgbà yìí, mo dúró bí igi, mi ò yanu.

Mo padà lọ. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ọyẹ́ funfun lójú fèrèsé. Mo gun pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì pẹ́ tí wọ́n mú iná lọ. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ náà kú, kò mì mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi, ilẹ̀ kò dúró. Ọ̀kan tẹ̀, èkejì wọ́. Ọ̀kan tẹ̀, èkejì wọ́. Ó dé ẹ̀yìn mi, ó sì dúró. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀fin ẹja ní Adébáyọ̀, níbi tí kò sí ẹja. Irun ara mi dìde. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo ní ẹ káàbọ̀, Ìyá Àgbà, ẹ kú ọ̀nà jíjìn, ẹ forí jì mí pé mi ò tètè kí yín.

Ó wá fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Kò gbá a bí òkú, ó gbá a bí obìnrin tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Irin tí mo dì mú ń ró, ó ń wọ inú ìbàdí mi, ó ń wọ ẹ̀yìn mi. Mo ń sunkún, mo sì tẹ orúnkún mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gòkè padà tó ní jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, irin náà ṣì ń ró. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo wáyà, ó wo ojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kíkankíkan ní èdè tí mi ò gbọ́. Mi ò dá a lẹ́bi.

Mo fẹsẹ̀ mi rìn dé Òkè-Ìlá. Mo ní kí Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé ọmọ mi fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo fi ọ̀já gbà á, mo nàró. Orúnkún mi kò yẹ̀. Ìfẹ́ sunkún díẹ̀, ó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn mi, ó sùn. Mo rìn yíká àgbàlá títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí mi ò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá Ìfẹ́ bá mi níbẹ̀.

Mo ti ń wa maṣíìnì mi báyìí, aṣọ àwọn oníbàárà ti ń lọ, mo sì fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ kì í yọ sí mi lójijì mọ́. Èmi ni mo ń yọ sí i, àmọ́ ó ní òun ń mọ̀ kí n tó dé. Ó ní tí mo bá ti pọn ọmọ, òun máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi: ọ̀kan á tẹ̀, èkejì á wọ́. Ó bi mí pé ṣé abẹ ló sọ mí di arọ. Mo lọ wo ipa ẹsẹ̀ mi nínú eruku ọyẹ́ nínú àgbàlá. Ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ dọ́gba.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ̀yin àti Bàbá. Omi ò ní gbé ilé tó kù lọ, ojú yín ò ní ríbi, ẹ máa gbé ọmọ ọmọ jó. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàwọn tó wà lójú omi àtàwọn tó ti kó lọ sókè ilẹ̀. Tí ọyẹ́ bá lọ, tí Àjíǹde bá ń bọ̀, à ń bọ̀ nílé. Mo máa pọn Ìfẹ́ gba orí afárá pákó. Ẹ má yọjú o. Ẹ jókòó, ẹ fẹsẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì kí wa kí ẹ tó rí wa. Ẹ kí èmi, ẹ kí ọmọ. Tí ẹ bá wá gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀, tí èkejì wọ́ tẹ̀ lé e, ẹ kí ìyá yín náà. Ó rìn jìnnà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá, ìyá Ìfẹ́.