Yàrá Kan Tí Wọn Kò Tà

Bàbá mi, ẹni tí kì í jókòó nílé onílé láìfi ìka kan ògiri wò,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ní àdírẹ́sì tí n ó kọ sí òkè rẹ̀ ná. Tíṣà ni mí. Lẹ́tà tí kò bá ní àdírẹ́sì, máàkì rẹ̀ kì í pé. Ní báyìí, mo ní àdírẹ́sì. Mo ti ra ilé, bàbá mi. Èmi ọmọ yín, mo ra ilé ní abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò, yàrá mẹ́rin àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú igi ọsàn méjì níwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi lónìí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì nílé ìwé wa ní Mọníyà, wọ́n fún mi ní aago ògiri kan àti ọ̀rọ̀ ìdágbére tó gùn débi pé àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sùn lọ. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ náà pè mí ní òpómúléró ètò ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé dé pé kí òpómúléró kó kúrò nínú ilé tíṣà kí ilé ìwé tó wọlé padà. Oṣù méjì péré. Ọ̀gá tuntun tó gba ipò mi tilẹ̀ ti wá wọn fèrèsé fún kọ́tìnì nígbà tí ìyàwó yín ṣì ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ ó béèrè ìdí tí mi ò fi kọ́lé. Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ mọ ohun tí ilé ń gbà! Owó ìfẹ̀yìntì mi lè ra ilé àtijọ́ kan tó ṣì dúró. Kò lè gbé ilé tuntun kọjá ojú fèrèsé. Ilẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń ta ilẹ̀ kan náà fún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì wá pàdé níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú yanrìn tirẹ̀. Mo lọ sí ìlú tí ẹ ti wá ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú. Ilé yín ti di ebè iṣu, ẹni tó mọ̀ yín kò sì sí mọ́. Kí ló dé tí ẹ ò fi mú mi débẹ̀ rí nígbà tí ẹ wà láyé? Mi ò bi yín nígbà náà. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tí mo lè rà. Láti Lágelú dé Ẹgbẹ́dá, ilé tí wọ́n ti tì pa pọ̀ lọ jàra: àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, koríko lójúde, àwọn onílé wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Síbẹ̀, lára ògiri wọn ni wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sí pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Mo rí i lára ilé tí kò ní òrùlé. Mo rí i lára ògiri kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, tí ìyókù ilé ti wó. Ní abúlé kan ní Lágelú, mo bi bàbá àgbàlagbà kan bóyá ẹnì kan ń ta ilé níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè bóyá ẹnì kan ń ta ọmọ. Ó ní ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ yín. Ó ní ṣé ẹni tó ni orúkọ náà ló rán mi ní irú iṣẹ́ yìí.

Bí mo ṣe bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà kan nìyẹn. Alága ni gbogbo ayé ń pè é. Oyè mẹ́fà ló wà lórí káàdì pélébé tó fún mi, ó sì ṣi mẹ́ta kọ nínú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ilé ló jẹ́ alága fún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun àti àbúrò rẹ̀ nìkan ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, àbúrò kì í sì í wá sípàdé. Kóòtù dúdú ló máa ń wọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Bó bá fẹ́ sọ pé ilé ń jò, á ní òrùlé rẹ̀ ń gba atẹ́gùn. Nínú ilé àkọ́kọ́ tó mú mi lọ, obìnrin kan ń yan gàrí lọ́wọ́, kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n fẹ́ ta ilé òun. Ó lé wa dé títì.

Ilé kejì ni èyí. Mo fi ìka kan ògiri rẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó tẹ́tí, kí ẹ tó wá kí onílé. Ojú máa ń tì mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pé bàbá mi ń kí ògiri ṣáájú èèyàn. Ògiri amọ̀ ni tibí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, ó sì nípọn débi pé ohùn Alága kò lè kọjá sí yàrá kejì. Ìfẹ́ ilé náà wọ̀ mí lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Nínú yàrá àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, sàréè kan wà níbẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ tó kọ́ ilé náà ni. Ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: ẹni tó kọ́lé kì í sùn síta. Ìdí tí ilé títà fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ilé tí wọ́n tì pa wọ̀nyẹn, baba ṣì wà nílé.

Ọmọ méje ni bàbá náà fi sílẹ̀. Wọ́n wá láti Ìbàdàn àti Èkó, a sì jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Ìyá Rábì ni àgbà wọn, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń gbé nílé ọkọ ní abúlé kejì. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n ti ń gbà. Ìgbà náà ni ìṣirò gùn mí. Mo dìde, mo káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wà níwájú pátákó, mo ṣàlàyé fún wọn pé yàrá mẹ́rin ni ilé yìí, pé ọ̀kan kò ní ṣeé lò nítorí sàréè, nítorí náà owó yàrá mẹ́ta ló tọ́ kí n san.

Bàbá mi, irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá ibi tí ẹ wà yẹn nìkan ló tún wà. Alága ní kí òun tún un ṣe. Ó ní kò sí wàhálà, pé àwọn á da sìmẹ́ǹtì sí i, àwọn á tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ìyá Rábì kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò.

“Tíṣà, ẹ ti díyelé bàbá mi. Ó ku èmi. Èló ni ẹ máa san lórí mi?”

Ó gbé búútà rẹ̀, ó ní òun ń lọ kírun. Gbogbo wa mọ̀ pé ìrun ọ̀sán kò tíì tó. Ìpàdé tú ká.

Ìyàwó yín kò bá mi jà. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó dúró kí n jẹ ẹ́ tán, ó wá bi mí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìṣirò sàréè. Ó ní bí ẹni ń ná iṣu lọ́jà ni mo ṣe ná bàbá oníbàbá níwájú ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí n lọ tọrọ àforíjì, kí n má ṣe mú oníkóòtù yẹn dání. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ọ̀gá tuntun ti gbé àga méjì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Mo lọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi pé Ìyá Rábì kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá láìwá gbá yàrá bàbá rẹ̀. Mo bá a lórí ìdúró, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, mo ní kó darí jì mí. Ó ń gbálẹ̀ lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbá a. Kò fún mi ní ìgbálẹ̀. Níbi tí mo dúró sí bí ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yín. Mi ò mọ ohun tó fà á.

Mo sọ fún un pé ilé àwọn ẹlòmíì ni bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, pé yàrá tó háyà ní Adégbayì ló kú sí, ẹ̀yìnkùlé onílé la sì sin ín sí. Mo sọ fún un pé ìjọba gbé mi lọ kọ́ ọmọ ní Ọ̀nà-Àrá, pé ọdún méjì kọjá kí n tó yọjú síbẹ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ta ilé náà, wọ́n ti fẹ títì, katakata ti kọjá lórí ibẹ̀. Mo rìn síwá rìn sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tó sọ kọ́bọ̀ nù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí. Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí katakata náà ń bọ̀? Ṣé ẹ retí mi?

Ìyá Rábì dá ọwọ́ dúró. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó ní àwọn àbúrò òun ń sọ lọ́dọọdún pé àwọn á padà wá gbé ilé yìí, wọn ò wá, òrùlé sì ti ń jò. Ó wá bi mí:

“Bí mo bá kú, ta ni yóò máa gbá ibí?”

Mo ní èmi ni. Ó na ìgbálẹ̀ sí mi.

Bí mo ṣe rí ilé rà nìyẹn. Owó yàrá mẹ́rin ni mo san, ṣùgbọ́n wọn kò ta yàrá ti sàréè. Tiwọn ni títí ayé. Èmi ni n ó máa tọ́jú rẹ̀, gbogbo wọn á sì máa wá ṣàdúà níbẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Alága gbé ìwé àdéhùn olójú ewé mẹ́sàn-án wá, gẹ̀ẹ́sì tó le bí ẹja gbígbẹ. Mo fi sílẹ̀, mo fúnra mi kọ tiwa ní Yorùbá, ojú ewé kan, kí Ìyá Rábì lè gbọ́ ọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní mo ṣe àṣìṣe: mo kọ “sàréè tó wà nínú yàrá” síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bàbá òun ní orúkọ. Mo tún un kọ pé yàrá Ràjí Àgbẹ̀ ni. Ìgbà náà ló tó tẹ ìka. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà, ẹnikẹ́ni kò tíì máàkì iṣẹ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, ó ti ń pè mí ní àbúrò. Ó mú mi wọ yàrá náà, ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì, níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo.

“Àbúrò, yàrá yìí fẹ̀. Bàbá mi nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ mú tìrẹ wá.”

Mo lọ béèrè abọ́ lọ́wọ́ ìyàwó yín.

Èmi àti ìyàwó yín gbé abọ́ tánńganran kan lọ sí Adégbayì. Fọganáísà kan ló wà níbi tí mo gbà pé ẹ wà, ó to táyà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bi wá pé kí la fẹ́ fi yanrìn ṣe. Ìyàwó yín ní bàbá wa la wá mú lọ sílé. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, kò bi wá ní ìbéèrè kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé táyà kúrò lọ́nà fún wa. Mo bu yanrìn. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà sí Mọníyà, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ní kí n gbé abọ́ sí búùtù. Mo kọ̀. Orí itan mi ni ẹ jókòó sí, bí ẹ ti máa ń gbé mi sí orí itan yín.

Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n ṣọ́ra fún ìbọ̀rìṣà. Mo ní mo bu yanrìn ni, mi ò bọ ọ́. Ìyá Rábì ṣe àdúà tiwọn, àwa náà bọ́ bàtà, a gba tiwa, a sì da yanrìn náà síbi tó fi hàn mí. Mo fi sìmẹ́ǹtì yí i ká, mo kọ orúkọ yín sí i kó tó gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe lu agogo àdúrà yín jí Bàbá Ràjí ní ìdájí o. Àwọn ló ṣáájú yín débẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kúrò nílé àháyà. Ìrókò ni ẹ ń gbé báyìí, nílé ọmọ yín, nínú yàrá tí wọn kò tà fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gbá yàrá yín láràárọ̀.