Ìdọ̀bálẹ̀ Ni, Bàbá, Kì í Ṣe Oorun

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtìjú ọmọ tí kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Màámi, ẹ kú iṣẹ́ gààrí, ẹ kú ojú lọ́nà. Bùọ̀dá Tàfá, ẹ̀yin tí wàhálà gba inú fóònù yín wọlé, mo kí yín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí yín. Gbogbo ará abúlé wa lẹ́yìn Akanran, mo kí yín, àgbà àti èwe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀wé ka lẹ́tà yìí sókè, kó má fo ọ̀rọ̀ kankan, pàápàá ibi tí mo ti ń bínú.

Gbangba ni mo kọ ọ́ sí, torí gbangba ni ẹ ti tú mi síta. Wọ́n sọ fún mi pé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ Bùọ̀dá Tàfá, ẹ ń fi àwòrán mi han àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, pé kí wọ́n wá wo ọmọ tí ẹ rán lọ síṣẹ́, ó sùn gbalaja sórí sìmẹ́ńtì lójúmọmọ. Pé Lèmọ́mù mi orí. Pé ẹnìkan tiẹ̀ bi yín bóyá mo ti kú. Lẹ́yìn náà lẹ pè mí, ẹ ní kí n má fẹsẹ̀ kan ilé ní Iléyá, àfi tí mo bá kọ́kọ́ lọ bẹ máníjà, tí máníjà sì pè yín pé òun ti dárí jì mí.

Wàláì, Bàbá, n kò sùn!

Ta ló tiẹ̀ fẹ́ sùn níbí? Òjò Olódò kì í rọ̀, ńṣe ló máa ń ya lulẹ̀. Ẹ̀fọn ibí tóbi, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Adìyẹ tó wà ní oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ju gbogbo èèyàn Ìbàdàn lọ, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú yín, láti ọ̀dọ̀ wa sí Olódò kò jìnnà. Lójú ẹni tó ń dá jẹun, tó ń dá sùn, ó jìnnà ju Mẹ́kà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ ò gbà fún mi lórí fóònù. Ẹ ní ẹnu mi ti fẹ̀ jù láti kékeré, pé ṣebí èmi náà ni mo sọ pé ejò tí mo rí lóko kòkó gùn tó ọ̀nà Akanran. Ó dáa. Ejò yẹn ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ti oorun yìí, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò níbẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbi iṣẹ́ wa, Bàbá Làmídì ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn ló ń fọ ike tí àwọn òròmọdìyẹ fi ń mu omi. Ojú wọn ti di bàìbàì, òjìji nìkan ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà. Ẹ̀yìn táǹkì omi ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bí mo bá dé láàárọ̀, mo máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ àwọn ọmọ ìgboro tó ń fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Èyí tí ẹ kọ́ mi ni: kí àyà kan ilẹ̀, kí imú gbóòórùn erùpẹ̀.

Bàbá Làmídì á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ ò tíì gbọ́ àdúrà rí! Wọ́n á ṣe é fún orí mi, fún ẹsẹ̀ mi, fún ìyàwó tí n kò tíì mọ̀, fún àwọn ọmọ tí ìyàwó náà máa bí, fún ọkọ̀ tí mo máa rà àti táyà ọkọ̀ náà. Kí wọ́n tó dé àmín tó kẹ́yìn, adìyẹ ti yé ẹyin, ẹyin ti pa, ọmọ inú rẹ̀ ti di àkùkọ, ó ti ń kọ. Ta ló sì kọ́ mi pé ẹni tó bá dìde kí àgbà tó ṣàdúrà tán, ire ara rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ta dànù? Ẹ̀yin ni. Ẹ tiẹ̀ ti fọwọ́ tẹ̀ mí lọ́rùn padà sílẹ̀ rí níwájú bàbá yín, nígbà tí mo fẹ́ yára dìde.

Alàájì tó ni oko kì í gbé Olódò, ìgboro ni wọ́n ń gbé. Ni wọ́n bá ra kámẹ́rà tó ní ọpọlọ. Kì í ṣe èyí tó kàn ń wo èèyàn o. Eléyìí ń wo èèyàn, ó sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo wa. Bí o bá na ara sílẹ̀ pẹ́, á kọ ọ́ pé o sùn, á sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí fóònù Alàájì àti ti máníjà kí o tó gbọn eruku aṣọ rẹ nù. N kò mọ ìlú tí àwọn tó ṣe é ti wá, àmọ́ ó dá mi lójú pé nílùú tiwọn, ẹni tó bá ti nà sílẹ̀, ó sùn ni tàbí ó kú. Ibi tí wọ́n sì kan kámẹ́rà mọ́, táǹkì bo Bàbá Làmídì. Èmi nìkan ni kámẹ́rà ń rí, mo nà kalẹ̀ bí ẹja gbígbẹ.

Máníjà gbé fóònù sí mi lójú. Mo ṣàlàyé, ó ní kí n lọ ṣàlàyé fún ẹ̀rọ. Mo ní ká lọ bi Bàbá Làmídì, ó ní ṣé ẹ̀rí afọ́jú ni mo fẹ́ mú wá. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó yọ mí kúrò nídìí ẹyin, ó ní kí n lọ máa kó ìgbẹ́ adìyẹ, pé òórùn ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí n tòògbé. Mo ń rùn débi pé eṣinṣin ń yà fún mi lọ́nà. Lẹ́yìn èyí ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Bùọ̀dá Tàfá, torí nọ́ńbà wọn ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Ti máníjà kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Máníjà kì í ṣe bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ dùn mí. Ẹ ní ẹ̀rọ kì í jowú, kò ní ìbátan, kò ní ọ̀tá, kí ló máa mú un parọ́ mọ́ mi? Bàbá, òpè tó ń sọ̀rọ̀ bí alákọ̀wé ni ẹ̀rọ náà. Ó rí mi nílẹ̀, kò mọ ohun tí mo ń ṣe nílẹ̀. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé ẹ̀yin wo àwòrán yẹn, ẹ rí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, ẹ rí orí tí mo gbé sókè díẹ̀, ẹ ò sì dá iṣẹ́ ọwọ́ ara yín mọ̀. Ta ló ń sùn báyẹn?

Ẹ tún gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alàájì fúnra wọn wá. Bí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Máníjà ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, tòun ti ṣòkòtò funfun. Kí Alàájì tó dáhùn tán, fóònù ọwọ́ wọn ké. Ẹ̀rọ ní gbogbo òṣìṣẹ́ oko ti sùn lọ! Alàájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí wọn. Àwa náà rẹ́rìn-ín, adìyẹ pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo ní háà, Ọlọ́run ti dá mi láre. Mo sún mọ́ wọn, mo ní Alàájì, ohun tó ṣe fún èmi náà nìyẹn, Bàbá Làmídì ni mo ń kí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n ní kí máníjà pe àwọn tó ta ẹ̀rọ, kí wọ́n wá kọ́ ọ kó dá ojú àwọn mọ̀.

Àwọn tó ta ẹ̀rọ wá lóòótọ́. Alàájì ń wọlé, à ń dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ń jáde, à ń dìde. Wọ́n ń wọlé padà, à ń dọ̀bálẹ̀ padà, bí ẹni ń ya fídíò ìgbéyàwó. Ọmọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà dání ń mi orí pé ó ti ń gbọ́n. Ó sì gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún Alàájì, ìkíni ni. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Làmídì, oorun ni. Mo bẹ ọmọkùnrin náà ní kọ̀rọ̀ kó jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ojú bàbá yẹn náà. Ó ní ipò wo ni bàbá wà níbi iṣẹ́. Mo ní ipò àgbà. Ó ní kò sí àyè fún ìyẹn. Àwòrán mi tó ti wà níbẹ̀ ńkọ́? Ó ní ohun tó ti wọlé ti wọlé.

Ṣé ẹ rí ohun tó ń bí mi nínú? Wọ́n lè kọ́ ọ! Ẹni tó máa bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń ṣà.

Ní báyìí máníjà ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ mọ́ àfi tí Alàájì bá wá, ká kàn máa juwọ́. Ká juwọ́ sí ta ni? Sí bàbá tí kò ríran! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á juwọ́, wọ́n á sáré kọjá láìlanu, torí ẹni tó bá dúró pẹ́ náà, ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ ń pè é. Bàbá Làmídì á gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa retí ìkíni. Lọ́jọ́ kan wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n bi mí bóyá àwọn ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé àdúrà àwọn ló gùn jù, àwọn lè gé e kúrú.

Mo ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn láràárọ̀. Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ pé mo sùn, èmi ń padà sídìí ìgbẹ́. Máníjà ti ní bí n kò bá jáwọ́, òun máa lé mi.

Nítorí náà, n kò ní lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní kí n tọrọ àforíjì, kó kọ́kọ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, kí ẹ sọ fún àwọn tí ẹ fi àwòrán hàn pé Kàmọ́rù kò sùn, àgbà ló ń kí. Bí ẹ bá ṣe é, mo ń bọ̀ ní Iléyá, bó jẹ́ ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ máníjà lẹ ṣì gbà gbọ́, ẹ pè mí, kí ẹ sọ pé kí n má dọ̀bálẹ̀ fún àgbà mọ́. Ẹ má rán Bùọ̀dá Tàfá. Ẹnu tó kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ó parí. Màá máa juwọ́ sí Bàbá Làmídì, màá sì máa juwọ́ sí ẹ̀yin náà.

Inú tó ń bí mi kò ní kí n má ṣàdúrà fún yín. Ẹ̀mí yín á gùn, àgbàdo yín á gbó, ọ̀bọ kò ní bá yín pín in. Màámi, Ọlọ́run á fi yín sílẹ̀ fún wa. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Sìdíkátù, ẹ bá mi kí Lèmọ́mù, ẹ bá mi kí gbogbo agboolé pátá.

Èmi ni ọmọ yín tí kò sùn,
Kàmọ́rù.