Ọjọ́ Tí Wọ́n Máa Yọ Rọ́bà Náà

Bàámi,

"Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ní kí n padà wá yọ rọ́bà yìí?" Bẹ́ẹ̀ lẹ bi wá láàárọ̀ yìí. Màámi wá ní, "Ẹ̀yin náà kúkú ni. Ohun tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́, ó ti wọgbó nìyẹn." Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi tẹrí ba lórí àdìtú onínọ́ńbà mi bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo gba ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ náà sí lọ́wọ́ dókítà. Èmi náà ni mo ń fọ́nnu fáwọn àlejò pé wọn ò fi ọ̀bẹ kàn yín rárá, pé ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n gbà fọ́ òkúta inú kíndìnrín yín túútúú, ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ kejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà tún sọ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn kò gbọdọ̀ pẹ́ jù, kí òkúta mìíràn má baà dì mọ́ ọn. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tẹ́ ẹ ní ó ń gún yín, mo ní ẹ̀rù lásán ni.

Mo ti tú gbogbo ilé, mi ò rí ìwé náà. Màá pe ilé ìwòsàn láti bi wọ́n.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí bébà àdìtú mi yìí padà láti kọ nọ́ńbà fóònù wọn sí i. Ìwé náà nìyí! Orí tábìlì yìí ló wà láti ọjọ́ yìí, tí mò ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ro àdìtú.

Àná lọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀.