Agolo Iyọ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lọ Tọ́jú Ojú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má wá orúkọ mi. Ayálégbé mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Àkàrà ni mò ń dín lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí mi lójú, ó ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín fún oṣù méjì. Nínú ọ̀wọ́n gógó Sáàpù tí ìjọba gbé dé yìí, ta ló lè ti ìsọ̀ pa? Mo ní kí ìyàwó ọmọ mi máa dín in níṣojú mi kí n tó lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Ìyá, ṣé omi òkun lẹ fi lọ ẹ̀wà ni?"

Mo bú ìyàwó. Ó ní, "Màmá, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ ní kí n bù."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ̀ ju tèmi lọ. Mo da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ tèmi sínú agolo tòmátò, a fi ìṣó fa ilà síbi tó dé. Agolo náà ló fi ń wọn iyọ̀ títí mo fi lọ tọ́jú ojú tí mo dé.

Mo ríran báyìí, oníbàárà kankan kò sì sá. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ mi padà, ìyàwó ní, "Màmá, ẹ lọ jókòó." Ìjókòó náà sì ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n lé e dìde?